Gọ́ọ̀mù tí ó Yẹ fún Ọkọ̀ Òfuurufú Onígi ti Àwọn Ọmọ Wa

Ìyá kan tí ń gbé ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìbòkun níhìn-ín bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìsìn, a sì ṣèlérí fún un pé a ó fi ìdáhùn rẹ̀ sí ojú ewé yìí, kí àwọn mìíràn tí wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé lè jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò fẹ́ ṣe ohun mìíràn bí ó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, bí kò ṣe pé kí ó máa fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá náà kò bínú sí iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé gbogbo èyí tí ọmọ náà kàn ni ó ń tú ká: ìyẹ́ a yọ, ìrù a jábọ́, ọmọ a sì bú sẹ́kún. Ó ra gọ́ọ̀mù, ó tún ra òmíràn, owó sì ń lọ. Ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà wa, èwo gan-an nínú gọ́ọ̀mù wọ̀nyí ni ó yẹ kí n rà?”

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé eré ọmọdé ni èyí, pé kí ni ó dé inú ìwé ìròyìn. A kò ní bá wọn jiyàn pẹ́. Ní ọdún 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Milton Wright, ti ìrìn àjò dé, ó sì mú ohun ìṣeré kékeré kan bọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n kéré jù. Oparun, kọ́ọ̀kì àti ìwé ni a fi ṣe é. Rọ́bà tí a lọ́ ni ó ń gbé e fò dé òkè àjà. Nígbà tí ó bàjẹ́, àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ara wọn ṣe òmíràn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n nígbà náà, Wilbur ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá tí a ń wí yìí. Ọmọ ọdún méje ni Orville àbúrò rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n fi ọkọ̀ onígi, aláṣọ, tí ó ní ẹ́ńjìnnì, fò ní Kitty Hawk ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Bí bàbá wọn bá ti wí pé kí wọ́n yé fi nǹkan ìṣeré ṣòfò, a kò mọ bí ìtàn ì bá ti rí.

Àwa tí a ń kọ èyí kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Akọ̀wé ni wá lọ́jọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ ìjọ ni a sì ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ káfíńtà ni wá. Ìbòkun níhìn-ín ni bàbá wa ti ń kan àga, àpótí àti ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni a sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìṣó nìkan ni ń so igi mọ́ igi. Gọ́ọ̀mù tí ó ń lò jẹ́ èyí tí a fi awọ àti egungun ẹran ṣe. Ègé líle tí ó pọ́n bí oyin ni. A ó rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, a ó sì yọ́ ọ nínú agolo kékeré tí a gbé sínú ìkòkò omi gbígbóná, nítorí bí iná bá kan agolo náà tààrà, agbára gọ́ọ̀mù ti bàjẹ́. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Iṣẹ́ tiwa ní àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni láti máa ṣọ́ iná ọ̀hún, kí ó má jó jù, kí ó má sì kú. Àga méjì tí bàbá wa fi gọ́ọ̀mù yìí kàn ṣì wà ní pálọ̀ wa títí di òní, wọn kò mì. Ṣùgbọ́n àpótí tí ó wà lábẹ́ fèrèsé tí òjò ń fẹ́ sí tú ní ìgbà òjò kan ṣoṣo. Omi ni a fi yọ́ gọ́ọ̀mù náà, omi náà ni ó sì tún tú u.

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, a kò mọ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn rárá nígbà tí a wà ní kékeré. Inú imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀, tí ó fúyẹ́ tí ó sì rọ̀, ni a fi ń gbẹ́ tiwa, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni a sì fi ń kan ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ara. Kò fò rí, àfi bí a bá jù ú láti orí òkìtì. Nínú ilé wa nísinsìnyí, àwọn méjì ni iṣẹ́ yìí ti mú: ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nínú iyàn jíjà àwọn méjèèjì ni a ti rí púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ wí yìí kọ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ sọ fún ìyá náà kì í ṣe orúkọ gọ́ọ̀mù kankan. A ní kí ó mú ọkọ̀ tí ó tú wá, kí a wo ibi tí igi méjì ti pàdé. Bí a ti rò ni a bá a. Àlàfo wà láàrin wọn tí èékánná lè wọ̀, ọmọ náà sì ti fi gọ́ọ̀mù dí i, bí ẹni fi ẹrẹ̀ dí ògiri. Gọ́ọ̀mù igi kì í ṣe ẹrẹ̀. Igi ní ihò tín-tìn-tín tí ojú kò rí. Inú ihò wọ̀nyí ni gọ́ọ̀mù ń wọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń gan sí. Bí ó bá wà ní fẹ́lẹ́ láàrin ojú igi méjì tí wọ́n bára mu, ó lágbára ju igi náà lọ. Bí ó bá nípọn, ara rẹ̀ nìkan ni ó dì mú. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, kí ọmọ fi sáńpépà tí a lẹ̀ mọ́ pákó títẹ́jú ra ẹnu igi méjèèjì títí wọn yóò fi pàdé láìsí ìmọ́lẹ̀ láàrin wọn. Kí ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, kí ó sì wò ó.

Ẹnu gígé igi tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Níbi tí a ti gé igi ní ìdábùú, ihò inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ìdì koríko, yóò sì mu gọ́ọ̀mù gbẹ kí ó tó dì. Bàbá wa a máa fi díẹ̀ kùn ibẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ó tó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì tí yóò fi wá so ó pọ̀.

Ọ̀nà kan sì wà tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù tí ó rà dára, láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà. Kí ó mú ègé pákó méjì tí kò wúlò mọ́, irú èyí tí ó fẹ́ fi kan ọkọ̀ gan-an, kí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó sì ṣẹ́ wọn. Bí igi bá ya, tí ojú ìlẹ̀pọ̀ kò sì yà, gọ́ọ̀mù náà tó. Bí ó bá ya ní ojú ìlẹ̀pọ̀, tí ojú méjèèjì sì ń dán, gọ́ọ̀mù kò wọ inú igi rárá: bóyá igi tútù ni, bóyá òróró wà ní ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú, bóyá gọ́ọ̀mù ti pẹ́ nínú ìgò. Ìdánwò yìí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan, ó sì dára ju gbogbo ohun tí a kọ sí ara ìgò lọ.

A ní láti sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa igi. Igi tí àwọn akànkọ̀ kékeré ní ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní balsa, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Ecuador wá ní Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mítà kan ní gígùn, kan ní ìbú, kan ní gíga nínú rẹ̀ kò fi wọ̀n ju nǹkan bí kìlógíráàmù 160 lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n arère wà. Igi yìí, tí àwọn oníṣòwò ní Yúróòpù ń pè ní obeche, ń hù nínú igbó ilẹ̀ wa, ilé ìlagi ní Iléṣà àti Òṣogbo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nǹkan bí kìlógíráàmù 380 ni ìwọ̀n kan náà yìí nínú rẹ̀, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì balsa lọ, síbẹ̀ ó fúyẹ́ láàrin àwọn igi wa, ó rọrùn láti gé, ó sì ń gba gọ́ọ̀mù tọkàntọkàn. Inú wa dùn nígbà tí a kà pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, arère tí a là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé ni àwọn akànkọ̀ fi ń bo ìyẹ́ tí a fi fóòmù gé. Igi tí a ń fi ṣe páànù ìkọ́lé níhìn-ín, wọ́n ń rà á níbẹ̀ bí ohun iyebíye! Kí a sáà rí i pé ó gbẹ. Kí a fi sí àjà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a má ṣe lo èyí tí ó ní àmì búlúù lára, nítorí omi ti pẹ́ nínú rẹ̀.

Wàyí o, gọ́ọ̀mù. Fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti fún ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gbogbo iṣẹ́ náà, gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn káfíńtà ni a fọwọ́ sí, èyí tí púpọ̀ nínú wọn ń pè ní Top Bond, ibi yòówù tí ó ti wá. Ará Jámánì kan, Fritz Klatte, ni ó rí ohun tí a fi ń ṣe é ní ọdún 1912. Ó funfun bí wàrà nínú ìgò, bí ó bá sì gbẹ, ó mọ́ bí gíláàsì. Kò ní òórùn burúkú, kò ní iná nínú, bí ó bá sì dà sára aṣọ ilé ẹ̀kọ́, omi yóò fọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọmọ bá sì lẹ nǹkan wọ́, ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tún un ṣe.

Ohun tí ó ń fẹ́ ni sùúrù, ohun tí ọmọdé kò sì ní nìyẹn. Kí a tẹ́ ọ̀rá sórí àwòrán ọkọ̀ náà kí ìyẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ní orí ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníke tí kò ní irin lẹ́nu mọ́. Kí a fi pínnì, tàbí rọ́bà, tàbí pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú, ṣùgbọ́n kí a má fún un jù, nítorí bí a bá fún un pa, gbogbo gọ́ọ̀mù yóò tú jáde sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní sí nǹkan kan láàrin. Kí a nu èyí tí ó tú jáde nù. Wákàtí kan tó kí a tó yọ pẹ́ẹ̀gì ní ìgbà ọyẹ́; ní oṣù Keje, tí ògiri pàápàá ń làágùn, kí a fi í sílẹ̀ di wákàtí mẹ́ta. Agbára rẹ̀ kò pé títí di ọjọ́ kejì.

Ó ní àléébù mẹ́ta. Èkíní, omi wà nínú rẹ̀, nítorí náà pákó fẹ́lẹ́ lè wọ́ bí a bá kùn ún ní ẹ̀gbẹ́ kan púpọ̀. Èkejì, bí a bá fi sáńpépà ra á, kì í di lẹ́búlẹ́bú, ńṣe ni ó ń lọ́ bí rọ́bà. Ẹ̀kẹta, oòrùn ń dẹ̀ ẹ́: ọkọ̀ kékeré tí a fi sí inú mọ́tò tí a tì ní ọ̀sán gangan, ìyẹ́ rẹ̀ lè yí díẹ̀díẹ̀. Irú kan wà tí ó pupa bí oyin, tí ó ń tètè gbẹ tí ó sì ń gba sáńpépà; ẹni tí ó bá rí i ní Ìbàdàn tàbí Èkó kí ó rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan.

Ọ̀rọ̀ omi àti gọ́ọ̀mù yìí ti pa ènìyàn rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1931, ọkọ̀ òfuurufú Fokker kan já lulẹ̀ ní Kansas ní Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́jọ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì kú, Knute Rockne, olùkọ́ni ní eré bọ́ọ̀lù tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀, sì wà lára wọn. Ìyẹ́ onígi ni ọkọ̀ náà ní; omi ti ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù sì ti rà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nínú ogun tí ó tẹ̀lé e, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Mosquito, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1940. Balsa ni ó wà láàrin, pákó fẹ́lẹ́ ti igi bírọ́ọ̀ṣì sì wà lóde àti nínú, gọ́ọ̀mù sì ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gọ́ọ̀mù tí a fi wàrà ṣe ni wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ ni, wàrà màlúù: a ó mú kí ó dì, a ó gbẹ ẹ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi ẹfun tí a sun pò ó. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ohun jíjẹ ni, ebu sì ń jẹ ẹ́ níbi tí ó bá tutù. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí gọ́ọ̀mù tí àwọn oníkẹ́míkà ṣe, tí ebu kò lè jẹ.

Ní ìparí ọdún 1944, díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ya ní òfuurufú ní ilẹ̀ Íńdíà, a sì dá wọn dúró kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn kan wí pé ooru àti òjò ilẹ̀ náà ni ó tú gọ́ọ̀mù. Àwọn mìíràn wí pé igi ni ó sún kì. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀lé e rí irú àbùkù kan náà nínú àwọn ọkọ̀ tí òjò Íńdíà kò kàn rí: igi kò bá igi mu dáadáa láti ilé iṣẹ́ wá. Bí a ti ka èyí ni a pe àwọn ọmọ wa, a sì kà á fún wọn sókè. Àlàfo tí èékánná lè wọ̀ kò mọ ogun, kò sì mọ eré.

Ti àwọn Jámánì tún burú ju èyí lọ. Bọ́ǹbù ti ba ilé iṣẹ́ tí ń ṣe gọ́ọ̀mù wọn jẹ́, wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀, èyí tí ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ igi. Ọkọ̀ wọn tuntun, He 162, kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, níwájú àwọn ènìyàn ńláńlá tí wọ́n wá wò ó, ìyẹ́ rẹ̀ ya, Gotthold Peter tí ó ń wà á sì kú.

A padà sí ọjà tiwa. Gọ́ọ̀mù kejì tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, tí àwa kò sì fẹ́ràn kí ó wà lọ́wọ́ wọn láìsí àgbà nítòsí, ni súpà gúlù. Ẹni tí ó ṣe é, Harry Coover ní Amẹ́ríkà, kò wá gọ́ọ̀mù ní ọdún 1942 tí ó kọ́kọ́ rí i. Ó ń wá ohun tí ó mọ́ gaara tí a lè fi ṣe awò ìbọn, ó sì pa á tì nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Ọdún 1958 ni wọ́n tó gbé e sọ́jà. Ọ̀rinrin díẹ̀ tí ó wà lára igi àti nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un dì, ìdí nìyí tí ó fi ń dì wéré ní ilẹ̀ wa, ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìgò rẹ̀ fi ń di òkúta bí a bá ṣí i sílẹ̀ ní ìgbà òjò. A kò sẹ́ pé ó wúlò. Bí egungun ìyẹ́ kan bá ṣẹ́ ní pápá, ẹ̀kán kan tó. Ṣùgbọ́n ó gan, kò sì mọ bí a ti ń tẹ̀: bí ọkọ̀ bá balẹ̀ le, ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ a ṣẹ́ gọ́ń-ún.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, ẹ̀yin ìyá. Ìgò súpà gúlù kékeré jọ ìgò oògùn ojú. Ní àdúgbò wa, ìyá àgbà kan tí ojú ń dùn nawọ́ sí orí wíńdò ní òru, ó sì kán an sí ojú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ojú náà kò fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi rí ìrora, nítorí ẹnìkan nínú ilé fẹ́ fi agbára ya ìpéǹpéjú rẹ̀. A kì í fi agbára yà á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a máa dà sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a fi aṣọ tútù tí ó mọ́ bò ó, kí a sì gbé ènìyàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a fi ń pa èékánná rẹ́, tí ó ń yọ́ gọ́ọ̀mù yìí lára ìka, kò gbọdọ̀ súnmọ́ ojú láé. Bí ìka méjì bá lẹ̀ pọ̀, kí ọmọ má fà á ya. Kí ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì máa yí wọn lórí ara wọn títí wọn yóò fi jọ̀wọ́ ara wọn. Kí a má sì fi òwú tàbí aṣọ òwú nù ún, nítorí bí púpọ̀ nínú rẹ̀ bá kan òwú, yóò gbóná, yóò rú èéfín, ó sì lè jó ènìyàn. Èéfín rẹ̀ a máa ta ojú àti imú; ìta gbangba tàbí ẹ̀bá fèrèsé ni kí a ti lò ó. Nínú ilé tiwa, inú agolo ọmọ ìdérí ni ó ń gbé, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí oògùn kankan kò sí.

Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù onítúúbù méjì, irú Araldite, tí àwọn mẹkáníìkì ń fi dí irin tí ó sán. Ìwọ̀n kan nínú túúbù kìíní, ìwọ̀n kan náà nínú èkejì, a ó sì pò wọ́n dáadáa. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, yóò rọ̀ títí ayé. Ó wúwo, nítorí náà kò yẹ fún gbogbo ara ọkọ̀. Ibi mẹ́ta péré ni a gbà á láyè: níbi tí ìyẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé láàrin, níbi tí ẹsẹ̀ onítáyà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, àti ní imú níbi tí ẹ́ńjìnnì tàbí mọ́tò ń jókòó sí. Kí ó má kan awọ ara, nítorí ó ń mú kí ara àwọn mìíràn wú.

Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn aránbàtà. Kì í gan, ìyẹ́ yóò máa sún kúrò ní ipò rẹ̀. Ó sì ní òórùn tí ń gun orí, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fà símú láti fi mu yó, tí ó ń ba ọpọlọ àti ọkàn wọn jẹ́. A kò rí ìdí tí a ó fi gbé e wọ ilé tí ọmọdé wà nítorí ohun ìṣeré.

Àtè ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ló béèrè. Àtè ń mú ẹyẹ nítorí pé kì í gbẹ. Nítorí ìdí kan náà ni kò fi wúlò fún pákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ wúlò, tàbí làfún tí a rò, irú èyí tí àwọn obìnrin Òṣogbo ń fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Òun ni ó dára jù láti fi lẹ ìwé fẹ́lẹ́ bo egungun ìyẹ́. Bí ó bá gbẹ, kí a fọ́n omi sí ìwé náà bí ẹni ń lọ aṣọ. Yóò le dan-indan-in bí awọ ìlù. Aáyán fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà òkè ni kí a gbé ọkọ̀ náà kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ku díẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ó gbẹ kò di òfo, ó wà níbẹ̀, ó sì wúwo. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí a kó sí ìrù. Nítorí pé ìrù jìnnà sí ìyẹ́ ju imú lọ, gíráàmù kan tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ lè gba gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta òjé ní imú kí ọkọ̀ tó lè dúró déédéé ní afẹ́fẹ́. Ọmọ tí ó ń da gọ́ọ̀mù sí ìrù bí ọbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń di ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí olùrà ṣọ́ra pẹ̀lú. A ra gọ́ọ̀mù funfun kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ, tí wọ́n ti bu omi sí. Ó ṣàn bí omi ìrẹsì, gbogbo ègé tí a fi dán an wò sì ya ní ojú ìlẹ̀pọ̀. Kí a yí ìgò náà wò kí a tó sanwó. Èyí tí ó dára a máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àmàlà tí a kò tíì rò le.

Àwọn méjì ilé wa ti kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ti ọkùnrin, súpà gúlù ni láti imú dé ìrù; ọjọ́ kan ni ó fi kàn án, ó sì fò kí ti obìnrin tó gbẹ, a kò sì gbádùn nínú ilé fún ìyangàn rẹ̀. Ní ìbalẹ̀ kẹta, ìrù rẹ̀ ṣẹ́ ní ojú ìlẹ̀pọ̀, ó mọ́ bí ẹni fi abẹ gé e. Ti obìnrin, gọ́ọ̀mù funfun àti arère. Ó kọlu igi ọsàn, ìyẹ́ rẹ̀ sì ya, ṣùgbọ́n ara igi ni ó ya, ojú ìlẹ̀pọ̀ kò mì. Síbẹ̀ ìyẹ́ òsì rẹ̀ ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó yọ pínnì kí ó tó gbẹ, ọkọ̀ náà sì ń yí sí apá kan bí adìẹ tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti wá fi orí korí. Ìkẹta ni wọ́n jọ ń kàn lọ́wọ́ báyìí, gọ́ọ̀mù funfun ní gbogbo egungun rẹ̀, Araldite ní àárín ìyẹ́. Orí tábìlì tí a ti ń kọ̀wé ni ìyẹ́ náà wà, òkúta mẹ́rin lórí rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń kọ èyí lórí itan wa, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.